Yàrá Méjì Tó Ń Jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ọmọ ọmọ mi là ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, torí bí mo bá pọ̀n ọ́n, ńṣe ló máa ń yọ́ bọ́ nínú ọ̀já bí ẹja tútù. Ó ti dàgbà báyìí, ó ti kàwé dé ibi tí ahọ́n mi ò lè pe orúkọ ohun tó kà, síbẹ̀ bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́ náà ló ṣì rí. Atẹ́gùn lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé e. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó ti iṣẹ́, wá fà á dìde ká wò ó.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí àwọn ará àdúgbò ti sọ ọ́ lóríṣiríṣi, ẹnu wọn ò sì kò.

Ìsàlẹ̀ ògiri ìsédò là ń gbé. Bó o bá yọ sẹ́nu ọ̀nà mi, tó o gbójú sókè díẹ̀, ògiri náà ni wàá kọ́kọ́ rí. Ó ga, ó gùn, ó sì ti dúdú fún ọjọ́ orí. Omi tí gbogbo ìlú ń mu ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi wà lára àwọn tó po símẹ́ǹtì rẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Abẹ́ rẹ̀ ni mo bímọ sí, abẹ́ rẹ̀ ni mo ń sá aṣọ sí, a ò wò ó lójú burúkú rí. Ta ló máa ń wo ògiri?

Ilé iṣẹ́ omi ló gba Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ síṣẹ́. Wọ́n ti ri àwọn irin kéékèèké kan mọ́ inú ògiri náà, àwọn irin yẹn ló ń sọ bí omi ṣe ń tì í. Iṣẹ́ ọmọ mi ni pé kí òjò tó dé lọ́dọọdún, kó kó ohun tí àwọn irin sọ sínú kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, kó wá sọ bóyá ògiri lè gba omi ọdún náà. Bó bá lè gbà á, ká máa sùn. Bí kò bá lè gbà á, ká kó jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, ẹnu ọmọ yìí ló sì ti ń jáde.

Bàbá rẹ̀ ni àkọ́bí mi. Olùkọ́ ni, ó ti kú. Ohun tó kórìíra jù láyé ni kéèyàn kọ èdè wa láìfi àmì sí i. Á ní ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí ẹni tó jáde láìbọ́jú. Bí ọmọ rẹ̀ bá kọ lẹ́tà sí i láti ilé ìwé, yíǹkì pupa ni yóò fi fi gbogbo àmì tó gbàgbé sí i, yóò sì dá lẹ́tà náà padà kó tó wo ohun tí ọmọ ń béèrè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jogún ìwà yẹn. Gbogbo ohun tó bá kọ sínú kọ̀ǹpútà, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, kò ní fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọlé tọ̀ wá.

Ó ní bó ṣe máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá rú u lójú. Yóò gbé àpótí wá síwájú mi, yóò jókòó, yóò ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Ẹ má dá mi lóhùn o, ẹ ṣáà máa gbọ́.” Mo bi í ṣé ògiri ni mí ni. Ó ní ògiri sàn ju àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, ògiri kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu. Ìdí àpótí yẹn ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó wà lọ́dọ̀ onífọ́tò. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Línúsì ló wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn káàkiri ayé tí wọn ò fojú kanra rí ló ń kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta bí ẹní, pé ẹni tó bá fẹ́ kó mú, ẹni tó bá rí àṣìṣe kó tún un ṣe, kó sì fi ránṣẹ́ padà kí gbogbo ayé lò ó. Mo ní kí ni wọ́n wá ń jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti ń béèrè.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í gba ètò ní jíjinná. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló máa ń mú, á wá kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Bó bá ti ń kọ́ ọ, lẹ́tà á máa ya gba ojú ẹ̀rọ kọjá bí eèrà tí omi lé nílé, mi ò sì ní rí ọ̀kan kà níbẹ̀.

Báyìí ló ṣe yé mi. Ètò ńlá kan wà, òun ló mọ ọ̀rọ̀ ògiri. Ṣùgbọ́n ètò ńlá yìí kì í dá ìṣirò ṣe. Bí ìṣirò bá dé, yóò lọ kan ilẹ̀kùn yàrá kan nínú ẹ̀rọ, yóò ní kí oníṣirò tó wà níbẹ̀ bá òun ṣe é. Ètò ni oníṣirò náà, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó kọ ọ́. Yàrá tí ọmọ mi fi í sí nínú ẹ̀rọ ibi iṣẹ́, orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ó wá ṣe, àwọn tó kọ oníṣirò kéde pé ó ní àléébù kan. Bí nọ́ńbà bá ti kéré jù, ńṣe ló máa ń gbọ̀n ọ́n dànù bí èérún. Èérún kan kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ògiri tó gùn tó tiwa, èérún rẹ̀ pọ̀, bí wọ́n bá kóra jọ, wọ́n ti di ẹrù. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì gbé oníṣirò tuntun síta. Ọmọ mi mú un kíá, ó kọ́ ọ, ó fi í sí yàrá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọ́pò ti àtijọ́. Ilé ló wà lọ́jọ́ náà nítorí orúnkún mi tó wú, ó ti ilé wọ inú ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Pé ó fi í rọ́pò, bí òun ṣe rò ó nìyẹn.

Nígbà tí òjò ń sún mọ́, ó lọ síbi iṣẹ́, ó ṣírò ògiri. Ìdáhùn jáde pé yóò gbà á.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá rẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún wa. Ọmọ mi kékeré nìyẹn, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, Káfíńtà náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ torí òun ló ní àga jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì wọn kò tíì ní ẹsẹ̀. Ó bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lójú gbogbo èèyàn pé ṣé kí òun máa bá iṣẹ́ òun lọ. Ọmọ náà dáhùn pé, “Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, Bàbá Kékeré. Ògiri á gbà á.” Káfíńtà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ilé ìwé kan ti gbé iṣẹ́ àga fún òun, kò sì síbòmíì tí òun lè kó pákó sí. Ó kó pákó wọlé títí ṣọ́ọ̀bù fi kún, ó tún wá fi kún ẹ̀yìnkùlé mi. Mi ò rí ibi sá aṣọ mọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Orúnkún mi tún gbé tirẹ̀ dé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún gbàyè láti máa ṣiṣẹ́ nílé. Kó má baà máa yọ ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ lẹ́nu, ó kọ́ gbogbo rẹ̀ pátá sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ètò ńlá àti oníṣirò tuntun. Láti mọ̀ bóyá ó ṣe é bó ṣe yẹ, ó ní kó tún ògiri ṣírò. Ohun tí ti ibi iṣẹ́ sọ ló yẹ kí tilé náà sọ.

Mo ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tó fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan, Màmá. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ó fẹ́ fi kò sí nǹkan bò mí lójú. Mo ń ká aṣọ mi lọ. Nígbà tó yá, ó gbé àpótí wá.

Ó ní ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ sọ pé ògiri á gbà á, ẹ̀rọ ilé sọ pé kò ní gbà á. Ètò kan náà, nọ́ńbà kan náà, oníṣirò kan náà. Ó yẹ kí n béèrè èwo ló ń purọ́ nínú wọn, mo rántí pé ògiri kì í sọ̀rọ̀, mo panu mọ́.

Ẹ̀rọ ilé ló kọ́kọ́ fura sí. Ìdáhùn tí kò dùn mọ́ni lèèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ó wó gbogbo ohun tó kọ́, ó tún un kọ́. Ó yẹ àwọn nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ iná orí. Ó ní kí ẹ̀rọ máa ṣe é ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó lè máa dá a dúró lójú ọ̀nà, kó máa bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ báyìí. Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí: ògiri ò ní gbà á. Ó kọ̀wé sáwọn tó kọ oníṣirò. Ẹnì kan nínú wọn dá a lóhùn ní ṣókí, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí, pé ṣé ó dá a lójú pé oníṣirò tuntun ni ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń lò, torí bí òun ṣe ń wo nọ́ńbà yìí, ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ ti àtijọ́.

Inú bí ọmọ mi. Ó ní ṣé òun ò mọ ohun tí òun fọwọ́ òun ṣe ni. Síbẹ̀ ó wọ inú ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ láti ilé, ó bi ètò ńlá pé yàrá wo lo ń kàn bí o bá fẹ́ ṣírò. Ètò ńlá kọ ọ́ síta fún un: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi pàápàá rí i kà. Ó wá tẹ orúkọ náà, ó wọ yàrá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó wo ẹni tó jókòó síbẹ̀. Oníṣirò tuntun ni. Ó ní, “Ẹ rí i, Màmá, òun nìyí.” Ohùn rẹ̀ ò dùn bíi ti ẹni tó borí.

Bó ṣe di pé kì í jẹun dáadáa mọ́ nìyẹn. Yóò jáde síta nínú òjò winniwinni, yóò dúró, yóò máa wo ògiri. Káfíńtà rí i lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló wà láàárín òun àti ògiri ni, pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kó mú ọkọ wálé wá kí àwọn mọ ìdílé rẹ̀. Ìyá Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì rẹ́rìn-ín títí ó fi ki abẹ́rẹ́ bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún un pé kó kúkú sọ fún wọn pé ìdáhùn ti di méjì. Ó ní èwo ni kí òun sọ? Bí òun bá lé èèyàn jáde nílé wọn, tó wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ilé ló ṣìnà, iṣẹ́ Bàbá Kékeré bàjẹ́ lásán nìyẹn. Bí òun bá sì dákẹ́, tó wá jẹ́ pé ti ibi iṣẹ́ ló ṣìnà... Ó gbé àpótí padà síbi tó ti gbé e.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Òjò ti fọ gbogbo ìta, ilé ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ó jókòó síwájú mi, ó ní ó ti sú òun, òun máa wó yàrá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ tilẹ̀tilẹ̀, òun á tún un kọ́ láti ilẹ̀. Ó wọ ibẹ̀ láti ilé. Ó tẹ orúkọ náà, ó pàṣẹ kí ẹ̀rọ pa á rẹ́. Ó ní ó ti lọ. Ó ní kí n máa wò ó, pé bí òun bá ní kí ètò ńlá ṣírò báyìí, á dé ibi yàrá, kò ní bá ilẹ̀kùn, á figbe ta. Ó tẹ̀ ẹ́.

A ń retí igbe. Kò ké. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀, nígbà tó sì parí, ó sọ ohun tó máa ń sọ: ògiri á gbà á.

Ọmọ mi dìde dúró.

“Màmá, mo ti wó yàrá náà,” ó ní. “Ta ló ń dá a lóhùn níbẹ̀?”

Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àfi bí ẹni pé ẹni tó ń dáhùn wà nínú ilé.

Láti ọjọ́ tó ti ń lo yàrá yẹn, orúkọ rẹ̀ ló máa ń tẹ̀, ẹ̀rọ á sì mú un débẹ̀. Kò pe gbogbo yàrá jáde rí kó wo ojú wọn. Ọjọ́ yẹn ló pè wọ́n. Wọ́n tò sílẹ̀ gẹẹrẹ lójú ẹ̀rọ, ó ń fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ. Ìka rẹ̀ dúró. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà láàárín wọn, ó jókòó jẹ́ẹ́, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, kò sí èyí tó dín. Yàrá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wó tán. Ó tẹ orúkọ náà kó lè wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ ní kò sí yàrá tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Bẹ́ẹ̀ la jọ ń wò ó.

Ó tún jókòó. Ó wá wo pátákó tó fi ń tẹ lẹ́tà, ó rẹ́rìn-ín kan tí kò bá mi lára mu.

Ó rò ó fún mi. Pátákó ibi iṣẹ́, bó bá kọ ẹ, odindi ló ń kọ ọ́, lẹ́tà tí wọ́n bí tòun ti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. E lásán ló máa ń kọ́kọ́ kọ, á wá fi àmì kọ́ ọ nísàlẹ̀ lẹ́yìn náà, bí ẹni fi yẹtí sétí ọmọ. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ pàápàá, tòun ti yíǹkì pupa rẹ̀, kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í wo ojú, iye ègé tó wà nínú orúkọ ló ń kà. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, èèyàn méjì ni. Pátákó ibi iṣẹ́ ló fi dá yàrá àkọ́kọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni oníṣirò àtijọ́ wà. Ọjọ́ tí orúnkún mi wú, pátákó ilé ló fi tẹ orúkọ náà, ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó bá kọ́ yàrá tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Oníṣirò tuntun wọ ibẹ̀, ó jókòó, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí. Ètò ńlá ń lọ sọ́dọ̀ ti àtijọ́ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ti àtijọ́ sì ń gbọn èérún dànù.

Mo gbàgbé pé ògiri ni mí. Mo ní, “Èwo ló wá jẹ́ òótọ́?”

“Tilé, Màmá. Ògiri ò ní gbà á.”

Kó lè dá a lójú, ó wó yàrá àtijọ́ náà, ó fi oníṣirò tuntun sí ibi tí ètò ńlá á ti rí i, ó tún un ṣírò. Ẹ̀rọ méjèèjì wá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mi ò rò pé ìrẹ́pọ̀ lè ba ni nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó ní ọ̀gá ò pariwo mọ́ òun. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kó jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ilé iṣẹ́ àwọn jáde ti di ti ilé iṣẹ́, èèyàn kan ò lè dá gbé e mì. Wọ́n á bi àwọn pé ta ló ṣe àṣìṣe. Wọ́n á bi àwọn pé kí ló dé tí àwọn fi ẹ̀mí aráàlú lé ètò tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́. Kó ní sùúrù di ìpàdé, kó má sì sọ ọ́ síta. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í bóyá òjò náà ti gbọ́ nípa ìpàdé. Ọ̀gá ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Ó dé ilé, ó bọ́ bàtà, kò sì wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Màmá, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi.”

Mi ò ní kó sọ ọ́, mi ò ní kó má sọ ọ́. Orí mi ló wà lábẹ́ ògiri yẹn, ó yẹ kí n lè fọhùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ yẹn ló ń bọ́ èmi náà. Mo ṣáà ń fọwọ́ ra orúnkún mi. Ó tún bàtà wọ̀, ó kọrí sọ́dọ̀ Káfíńtà. Mo tẹ̀ lé e, èmi àti ẹsẹ̀ mi tí ò fẹ́ rìn.

Àwọn tó máa ń jókòó síbẹ̀ wà níbẹ̀. Káfíńtà ń fi ayùn rẹ́ pákó.

“Bàbá Kékeré, ẹ kó pákó yín kúrò. Ògiri ò ní gbà á.”

Ayùn dúró. “Ìwọ náà lo sọ pé á gbà á.”

“Èmi náà ni. Mo ṣì í.”

“Nínú ìwọ méjèèjì, èwo ni ká gbà gbọ́?”

Ó rò ó fún wọn bó ṣe rò ó fún mi, yàrá méjì, orúkọ méjì tó jọra, lẹ́tà tí wọ́n bí pẹ̀lú àmì àti èyí tí wọ́n fi àmì kọ́. Mo ń wo ojú wọn bó ṣe ń sọ ọ́, mo rí i pé kò wọ̀ wọ́n létí. Àpótí mi ló yẹ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ìta gbangba. Ìyá Télọ̀ ní ẹ gbọ́ nǹkan, àmì abẹ́ lẹ́tà ló fẹ́ gbé wa lọ, òun rò pé omi ni. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ayùn padà sórí pákó.

“Mi ò ní kó pákó kankan. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá gbé mi lọ, kẹ́ ẹ fi àmì òkè sórí sàréè mi.”

Omi lé ròrò sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lójú, kò jẹ́ kó bọ́. Ó dúró síbẹ̀ láàárín wọn, tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì yẹsẹ̀.

Mo padà sílé. Mo mú aṣọ díẹ̀, mo mú oògùn orúnkún mi, mo gbé àpótí yẹn lérí. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, mo gun òkè lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní yàrá kan tó ṣófo. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Káfíńtà pè mí, “Ìyá, níbo lẹ ń lọ?” Mo ní mò ń lọ síbi tí mi ò ti ní mu omi tí òùngbẹ ò gbẹ mí. Wọ́n ti rí mi lábẹ́ ògiri yẹn látìgbà tí símẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì tutù, wọn ò rí i kí n kó kúrò níbẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá kan tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé mi. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ti kó lọ, wọ́n ń kùn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìyá Télọ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ láìpẹ́. Káfíńtà ò lọ.

Ariwo dé ilé iṣẹ́ omi. Ọ̀gá ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ sinmi nílé ná. Kò sọ ìgbà tó máa padà, ọmọ náà bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi lókè. Ṣùgbọ́n nítorí pé ariwo ti pọ̀ jù, wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà omi tó wà nídìí ògiri, wọ́n ń tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà ti ògiri jù. Nígbà tí òjò ńlá wá dé, wọ́n ṣí i sí i. Àdúgbò wa ni omi náà gbà kọjá. Ó dé ìbàdí èèyàn, ó dúró síbẹ̀, ó sì rọra fà lọ.

Ògiri ò wó. Ó ṣì dúró síbẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn ará àdúgbò ní ṣebí ẹ rí i, ògiri tó ní ó máa wó kò wó, omi tó jẹ́ kí wọ́n tú sílẹ̀ ló ba dúkìá àwọn jẹ́. Ẹ̀rọ Ìyá Télọ̀ ti dípẹtà. Pákó Káfíńtà léfòó, ó bá omi lọ, àga ilé ìwé tó ti parí ń gbá ara wọn kiri ojú títì bí ẹni tí ò mọ̀nà ilé. Bí wọn ò bá tú omi yẹn ńkọ́? Mo máa ń fẹ́ bi wọ́n. Mi ò ní nǹkan tí mo lè nawọ́ sí kí n sọ pé ẹ wò ó. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í fi àpá sílẹ̀.

Ọjọ́ tí omi gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Káfíńtà gòkè wá bá wa. Ó tutù láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo fún un láṣọ gbígbẹ, ó gbà á, ó gbé e lé itan. Ó wo ojú fèrèsé, ògiri dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

“Yàrá tó jọra yẹn, o ti wó ọ̀kan?”

“Mo ti wó o, Bàbá Kékeré.”

“Èyí tó yẹ kó o wó lo wó ṣá?”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọjú sí ẹ̀rọ, ó wọ inú ti ibi iṣẹ́ tí wọn ò tíì tì mọ́ ọn, ó pe gbogbo yàrá jáde, ó ń fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ títí dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Ó wá ní bẹ́ẹ̀ ni. Káfíńtà mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Látọjọ́ náà, kò bú u, kò sì bá a ṣeré mọ́. Bó bá ń ṣeré, ọkàn mi ì bá balẹ̀.

Wọn ò tíì pè é padà síbi iṣẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ yàrá méjì náà ránṣẹ́ sáwọn tó kọ ètò, kó má baà kọ lu ẹlòmíì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn á jẹ́ kí ètò máa kígbe bó bá rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó tún ohun gbogbo tó ní nínú kọ̀ǹpútà sọ lórúkọ. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ìka sí i, mo kà á bí mo ṣe máa ń kà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn: opelenge.

Mo ní ta nìyẹn. Ó ní òun náà ni, pé èyí ni ẹ̀rọ ò lè ṣì mú.

Mo tún un kà. Kò sí àmì òkè, kò sí àmì ìsàlẹ̀, ó ṣòfo bí ojú tí wọn ò bọ́. Mo pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ ètè mi lónírúurú ọ̀nà, mi ò rí ọmọ tí mo pọ̀n nínú rẹ̀. Mo ní ó dára. Mo lọ jókòó sórí àpótí mi.